Irùngbọ̀n fífá láàárọ̀ ìkánjú: ṣéfìn-sítíìkì, réésà onírin, pọ́dà àbí kílípà?

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, balùwẹ̀ kan ṣoṣo lè di ìjà nínú ilé. Ọmọ ń wẹ̀ fún ilé ìwé, ìyàwó ń wá àyè níwájú dígí, baálé ilé tó gbọ́dọ̀ dé Sẹkitéríàtì ìjọba Ọ̀ṣun ní Abẹ́rẹ́ kí aago mẹ́jọ tó lù ti mú abẹ, ó ń fi ìkánjú fá àgbọ̀n gbígbẹ. Kó tó kọjá ìkòríta Ọláìyá, ẹ̀jẹ̀ ti kán sí kọ́là. Ọ̀rọ̀ yìí kan òṣìṣẹ́ báńkì tí ọ̀gá rẹ̀ kì í fẹ́ rí irùngbọ̀n ṣákaṣàka, ó kan agúnbánirọ̀, ó kan olùkọ́, ó sì kan ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu irùngbọ̀n tí kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fá a.

Ohun mẹ́rin ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wa nígboro Òṣogbo: ṣéfìn-sítíìkì, réésà onírin tó ń gba abẹ, pọ́dà tí wọ́n ń fi omi pò, àti kílípà. N kò ní fi èyí tí mo fara mọ́ pamọ́. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ní kó fá ojú dán láràárọ̀, réésà onírin ni kó lọ rà. Ẹni tí bọ́ńpù, ìyẹn kókó tó ń yọ lẹ́yìn tí èèyàn bá fá irùngbọ̀n, kì í fi lọ́rùn sílẹ̀, kílípà ni tirẹ̀, kó má wulẹ̀ bá ara rẹ̀ jà. Àwọn méjì yòókù ní ìwúlò tiwọn, ṣùgbọ́n wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń dani. A kì í sì í fárí lẹ́yìn olórí: ohun tó bá ojú ọ̀rẹ́ yín mu lè má bá tiyín mu rárá.

Bí wọ́n ṣe rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | Ṣéfìn-sítíìkì | Réésà onírin | Pọ́dà | Kílípà oníṣáájì |
|---|---|---|---|---|
| Àkókò tó ń gbà | Bí ìṣẹ́jú 5 | Ìṣẹ́jú 7 sí 10 | Kì í ṣe ohun àárọ̀ | Bí ìṣẹ́jú 3 |
| Bó ṣe ń dán tó | Ó dán | Ó dán | Ó dán, ó sì ń pẹ́ | Irun díẹ̀ ṣì máa kù |
| Bọ́ńpù | Ó ń fà á, pàápàá bí abẹ orí rẹ̀ bá pọ̀ | Ó dín kù | Ó dín kù, ṣùgbọ́n ó lè jó awọ | Òun ló kéré jù |
| Owó | Kékeré lónìí, púpọ̀ bí ọdún bá parí | Púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà owó abẹ nìkan | Kékeré | Púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan |
| Omi | Dandan | Dandan | Púpọ̀ | Kò nílò rẹ̀ |

Àkókò tí mo kọ síbẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Kí ló dé tí ọrùn wa fi ń sọ kókó?

Kí ẹ tó ná owó lórí ohunkóhun, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tó ń fa bọ́ńpù, torí òun ló máa pinnu ohun tí ẹ máa rà.

Irun wa ká. Láti inú ihò rẹ̀ lábẹ́ awọ ló ti ká wá. Bí abẹ bá gé irun bẹ́ẹ̀, ẹnu rẹ̀ á mú ṣóńṣó. Bó bá ti ń hù padà, á tẹ̀ yípo, á sì gún awọ wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti jáde. Nígbà mìíràn, kò tilẹ̀ ní jáde rárá. Abẹ ti gé e wọlé jù, nítorí náà inú lọ́hùn-ún ló ti máa gún ara ihò náà. Ara á kà á sí ẹ̀gún, ibẹ̀ á wú, á máa yún, á sì dúdú. Ẹlòmíì á rò pé ìdọ̀tí ni, á tún fi kànìnkànìn ha ojú tí inú ti ń bí tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Ó wọ́pọ̀ lára àwa adúláwọ̀ débi pé fún ọ̀pọ̀ ọdún ni iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà fi ń gba ìwé dókítà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun tó ní i, kí wọ́n lè dá irùngbọ̀n sí.

Ẹ yẹ ara yín wò báyìí: ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta lẹ́yìn tí ẹ fá irùngbọ̀n, ẹ fi ìka ra abẹ́ àgbọ̀n àti ọrùn. Bó bá ń yọ̀ lábẹ́ ìka, ẹ lè lo èyí tó bá wù yín. Bí kókó díẹ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ jìnnà sí orí tó ní abẹ mẹ́ta tàbí márùn-ún. Bí kókó bá kún ibẹ̀, tí òmíràn ń sọ ọyún, ẹ gbé abẹ sílẹ̀ ná fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán, kí irun tó wọlé lè rí ọ̀nà jáde. Ẹni tí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ń wú, tó ń le, tó sì ń di àpá ńlá, kó má fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀ lọ́dọ̀ oníṣòwò ìpara, kó lọ rí dókítà awọ.

Ṣéfìn-sítíìkì

Ibi gbogbo lẹ ti máa rí i: ní Ìgbọ̀nà, ní Ọjà Ọba, ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ẹnu ọ̀nà ilé tí wọ́n ti ń ta ọṣẹ àti ìṣáná. Ẹ máa rí i tó so rọ̀ nínú ọ̀rá. Iléeṣẹ́ Bic ti ń ta irú rẹ̀ láti 1975. Èrò wọn ni pé kí èèyàn lò ó fún ìgbà díẹ̀, kó sọ ọ́ nù. Àwa kì í sọ nǹkan nù bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan náà á wà lórí fèrèsé balùwẹ̀ fún oṣù méjì, baálé ilé ń fi fá àgbọ̀n, àbúrò rẹ̀ tó wá kí i láti Ìkìrun fi fá tirẹ̀, ẹlòmíì sì ti fi fá abíyá láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ewu ibẹ̀ ju bọ́ńpù lọ. Kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú tí wọ́n ń pè ní hepatitis B lè wà láàyè lórí nǹkan gbígbẹ fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, ẹ̀jẹ̀ tó sì máa gbé e kò ní ju èyí tí ojú kò lè rí lọ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún un, ẹ lọ gbà á bí ẹ kò bá tíì gbà á. Ṣùgbọ́n kódà nínú ilé, láàárín tọkọtaya, kí oníkálukú ní tirẹ̀. Ẹ lè ra aláwọ̀ búlúù fún ẹnìkan, kí ẹ ra aláwọ̀ òféèfé fún ẹnìkejì, wọn ò ní ṣì í mú.

Ẹgbẹ́ àwọn dókítà awọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọ pé kí èèyàn pààrọ̀ abẹ lẹ́yìn tó bá ti fá irun nígbà 5 sí 7. Tèmi ni pé kí ẹ fetí sí awọ yín: bó bá ti ń fa irun dípò kó gé e, ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ máa ṣan án dáadáa lẹ́yìn tí ẹ bá lò ó, kí ẹ sì fi í síbi tí ara rẹ̀ ti máa gbẹ. Inú kọ́ọ̀bù tó lómi kọ́ o.

Ọ̀rọ̀ wá kan àwọn olówó ńlá, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ń wà títí tí wọ́n sì ń pààrọ̀ orí rẹ̀. Ní 1971, Gillette gbé Trac II jáde, abẹ méjì lórí kan. Ní 1998, Mach3 dé pẹ̀lú mẹ́ta. Ní 2006, Fusion di márùn-ún. Ká ní abẹ púpọ̀ ló ń fún ọrùn ní àlàáfíà ni, bọ́ńpù ì bá ti di ìtàn nílẹ̀ yìí. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé abẹ tó ṣáájú á mú irun, á fà á sókè díẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e á sì gé e kó tó padà sílẹ̀. Nígbà tí irun náà bá fà padà, ẹnu rẹ̀ ti wọ abẹ́ awọ. Ẹni tí irun rẹ̀ nà tọ́ọ́rọ́ máa gbádùn ìyẹn gan-an. Ẹni tí tirẹ̀ ká ń sanwó ìyọnu ni. Owó orí kan tó jẹ́ ojúlówó sì lè ra abẹ lásán tó máa tó èèyàn lò fún oṣù púpọ̀. Ojúlówó ni mo wí. Ayédèrú kún ọjà, àwọn orí tí wọ́n ń tà lẹ́yọ lẹ́yọ láìsí páálí ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù.

Ta ló wá yẹ kó lo ṣéfìn-sítíìkì? Ẹni tí ọrùn rẹ̀ kì í sọ kókó, ẹni tó ń rìnrìn àjò, àti ẹni tó ń fá irùngbọ̀n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Kí ẹ yan èyí tó ní abẹ kan, kò gbọdọ̀ ju méjì lọ.

Réésà onírin

Àwọn bàbá wa mọ eléyìí. Ọwọ́ irin tó wúwo díẹ̀, orí tó ń ṣí, abẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó ní ẹnu méjì láàárín. King Camp Gillette bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Amẹ́ríkà ní 1903. Lọ́dún náà, réésà 51 àti abẹ 168 péré ló rí tà. Abẹ yẹn kan náà ni télọ̀ fi ń tú ojú rírán, òun ni àwọn ìyá wa fi ń gé èékánná ọmọ. Torí náà, abẹ kò wọ́n wa rí. Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣọ̀wọ́n nígboro. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ohun èlò bàábà, tàbí kí ẹ rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ra èyí tí irin rẹ̀ fúyẹ́ jù, tí orí rẹ̀ sì ń mì nígbà tí ẹ bá lọ́ ọ pa. Orí tó ń mì ń jẹ́ kí abẹ jáde lápá kan ju ìkejì lọ, ìyẹn ló sì ń gé èèyàn.

Abẹ rẹ̀ kì í fa irun wọ abẹ́ awọ, orí awọ gan-an ló ti ń gé e. Ẹ lè tú u, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín àtijọ́ fọ gbogbo ara rẹ̀, irun àti ọṣẹ kò ní ríbi sá sí. Bí ẹ bá sì ti ra ọwọ́ rẹ̀ tán, abẹ nìkan lẹ ó máa rà. Nítorí pé abẹ kò wọ́n, kò ní máa ṣe yín bíi kí ẹ lo èyí tó ti kú.

Bí ẹ bá fẹ́ fi abẹ sí i, ẹ fi ìka mú un ní apá kúkúrú méjèèjì, ẹ má fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀. Ẹ gbé e lé orí àwọn ẹyọ irin kékeré inú orí náà, ẹ fi ìdérí bò ó, kí ẹ wá lọ́ ọwọ́ rẹ̀ títí tí á fi le. Ẹ gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ kí ẹ wò ó láti iwájú: ó gbọ́dọ̀ yọ jáde dọ́gba lápá méjèèjì. Bí kò bá dọ́gba, ẹ tú u, kí ẹ tún un fi.

Bí ẹ ṣe máa dì í mú yàtọ̀ sí ti ṣéfìn-sítíìkì. Ìsàlẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ fi ìka rọra mú. Ẹ gbé orí rẹ̀ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ ṣì nà síta, kí ẹ wá máa sọ ọwọ́ náà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí abẹ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í gé irun. Ẹ ó gbọ́ ọ: á máa dún ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀. Bó bá dákẹ́, ẹ ti gbé e yẹ̀ nìyẹn. Ìró yẹn ni olùkọ́ yín, ju dígí lọ. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ rárá, ìwúwo irin náà tó. Ẹni tó ti ń tẹ ṣéfìn-sítíìkì mọ́ ojú láti ọjọ́ yìí ló máa ń gé ara rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí náà ọjọ́ Àbámẹ́ta ni kí ẹ fi kọ́ ọ, ẹ má fi ọjọ́ Ajé dán an wò.

Ẹ fà á ní kúkúrú, kó má ju ìbú ìka méjì lọ, kí ẹ ṣan án, kí ẹ yí i sí ẹnu kejì. Bí irun bá ṣe dà ni kí ẹ máa bá a lọ. Ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń dà sí, ṣùgbọ́n ọrùn ní ìwà tirẹ̀: apá kan lè dà sókè, apá kejì sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ jẹ́ kó hù fún ọjọ́ méjì, kí ẹ wá fi ìka ra á. Ibi tí ìka bá ti yọ̀ lọ láìkọ́, apá ibẹ̀ ló dà sí. Ẹ má fá a lòdì sí bó ṣe dà, ẹ má sì fi ọwọ́ kejì fa awọ le kí ó lè dán sí i. Bí ẹ bá fa awọ, irun á gé wọlé, nǹkan tí à ń sá fún sì tún dé nìyẹn. Láàárọ̀ ìkánjú, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó. Ta ló fẹ́ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ra yín lẹ́rẹ̀kẹ́ ní ọ́fíìsì tẹ́ ẹ fi ń wá kó yọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Pọ́dà

Ìsọ̀rọ̀ lórí èyí kò ní gùn. Pọ́dà yìí kì í gé irun, ó ń jẹ ẹ́ ni. Èròjà inú rẹ̀ á tú ohun tó mú irun le, irun á rọ̀, ẹ ó sì fi nǹkan tí kò mú ha á kúrò. Torí pé ẹnu irun kò mú ṣóńṣó lẹ́yìn rẹ̀, bọ́ńpù rẹ̀ kì í pọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn kan kò fi lè fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀ ná! Ẹyin tó ti bàjẹ́ ni, gbogbo ilé ló sì máa mọ̀ pé ẹ ń lò ó.

Ẹ pò ó kó ki bí ẹ̀kọ mímu, kí ẹ fi pa irun, kí ẹ máa wo aago. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ sójú nítorí pé ìpè wọlé máa fi ojú jíjó sanwó ìpè náà. Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí apá, kí ẹ dúró di ọjọ́ kejì kí ẹ wo ohun tó ṣe. Ẹ má fi sójú tó ní egbò, ẹ má jẹ́ kó kan ẹyinjú, ẹ má sì lò ó lọ́jọ́ méjì tó tẹ̀ léra. Alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta dára fún un. Ẹni tó bá gbé e jáde láago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ń wá wàhálà ni.

Kílípà

Kílípà kì í fá ojú dán, ibẹ̀ gan-an ni àǹfààní rẹ̀ wà. Ó ń fi irun díẹ̀ sílẹ̀ lókè awọ, irun tó bá sì wà lókè kò lè gún abẹ́ awọ. Bí ẹ bá fi ìwọ̀n mìlímítà kan sílẹ̀, ẹni tó dúró sí iwájú tábìlì yín kò ní mọ̀ pé ẹ kò fi abẹ fá a. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn tẹ ẹnu kílípà mọ́ ọrùn kó lè dọ́gba pẹ̀lú awọ. Bí ẹ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ti sọ ọ́ di abẹ.

Oníṣáájì ni kí ẹ rà, torí pé iná wa kì í bèèrè ìgbà tí ẹ fẹ́ lọ síbi iṣẹ́. Nígbàkigbà tí iná bá dé, ẹ fi í sí ṣáájì. Kò nílò omi, kò nílò ọṣẹ, ẹ lè lò ó níwájú dígí yàrá nígbà tí ẹlòmíì bá wà ní balùwẹ̀. Fún ilé elérò púpọ̀, ìyẹn nìkan tó láti rà á. Òróró tí wọ́n ń kán sí ẹnu rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé, tí á fi gbóná, tí á máa fa irun tu.

Àwọn tó ń lọ sọ́dọ̀ bàábà láti dín irùngbọ̀n kù, ẹ ní ẹnu láti fi sọ ohun tí ẹ fẹ́. Bàábà á béèrè pé, “Bọ̀ọ̀dá, ṣé kí n kó o kanlẹ̀ ni?” Ẹ dá a lóhùn pé, “Rárá o, fi díẹ̀ sílẹ̀, ọrùn mi kì í gbà á.” Kó tó gbé kílípà kàn yín: “Àbúrò, jọ̀ọ́ bá mi fi búrọ́ọ̀ṣì gbá irun ẹnu rẹ̀ kúrò, kó o fi sípírítì nù ún.” Bàábà gidi kì í bínú sí ìyẹn. Àpótí iná búlúù tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ń gbé irinṣẹ́ sí dára lójú, ṣùgbọ́n ibi tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá dé ló ń ṣiṣẹ́ dé. Irun àti òróró tó dì mọ́ ẹnu kílípà ń ṣíji bo kòkòrò. Fífọ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Ẹni tó bá fẹ́ kí onígbàjámọ̀ fi abẹ fá a, yálà ní Sábó tàbí ní ṣọ́ọ̀bù ìgbàlódé, ọwọ́ wọn mọ́ iṣẹ́ náà ju tiwa lọ. Abẹ tuntun tí wọ́n bó lójú yín nìkan ni kí ẹ gbà. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ mú tiyín lọ láti ilé.

Àwọn Àáfà àti ẹnikẹ́ni tó dá irùngbọ̀n sí kò nílò ju kílípà kékeré lọ láti fi ṣètò etí rẹ̀ àti ọrùn.

Omi, ọṣẹ, àti ohun tó kan ojú lẹ́yìn náà

Ẹ lè ra réésà tó dára jù láyé, bí irun bá gbẹ, ẹ máa jìyà. Irun tó ti mu omi tó máa ń rọ̀, abẹ á sì gé e láìfà á. Ohun tó ń gbà á ni ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta, torí náà ẹ kọ́kọ́ wẹ̀, kí ẹ tó fá irùngbọ̀n. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é ní òdìkejì. Bí ẹ bá wẹ̀ tán kí ẹ tó fá a, ìṣẹ́jú tí ẹ fi wẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ náà, ẹ kò sì pàdánù àkókò kankan.

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló dára jù. Ẹni tí kò bá fẹ́ dáná láàárọ̀, kó bu omi gbígbóná sínú fúláàsì lálẹ́. Á ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kọ́ọ̀bù kan tó fún irùngbọ̀n: ẹ rẹ tówẹ̀lì kékeré sínú rẹ̀, ẹ fún un, ẹ fi bo àgbọ̀n, kí ẹ máa wá ìbọ̀sẹ̀ yín lọ.

Àwọn kànga kan wà nígboro tí ọṣẹ kì í hó nínú omi wọn, ẹ̀rọ̀fọ̀ funfun ló máa ń dì sójú báàfù. Omi bẹ́ẹ̀ kò dára fún irùngbọ̀n fífá, torí pé abẹ nílò kí ọṣẹ yọ̀. Bí omi ilé yín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tọ́jú omi òjò tàbí kí ẹ lo omi inú ọ̀rá kan. Kírímù tàbí fóòmù ìfárùngbọ̀n dára ju ọṣẹ ìwẹ̀ lọ, torí kì í tètè gbẹ lójú. Ọṣẹ dúdú máa ń hó dáadáa, ṣùgbọ́n òmíràn mú ju ohun tí ojú tí abẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ lè gbà. Ti ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe sè é ni kí ẹ rà.

Bí ẹ bá fá a tán, omi tútù, kí ẹ sì fi tówẹ̀lì tẹ ojú, ẹ má nù ún gbágbágbá. Ó wá kan ìgò tó wà nílé gbogbo wa: sípírítì. Ọ̀pọ̀ gbà pé bí kò bá ta, kò ṣiṣẹ́. Títa yẹn ni awọ tó ń gbẹ, tó ń ké. Bí ẹ bá ń dà á sójú láràárọ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́, ojú á máa bó, á máa wú, ẹ ó sì rò pé abẹ ló ṣe é. Ẹ fi sípírítì sílẹ̀ fún irinṣẹ́. Dettol tí wọn kò fi omi là máa ń jó ojú, ẹ má dán an wò. Ìpara tí kò lóòórùn tó, òrí tín-ín-rín tí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yọ́ náà tó. Bí abẹ bá gé yín, ẹ fi álọ́ọ̀mù tí ẹ rẹ sómi tẹ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ̀jẹ̀ á dá. Kí kálukú ní álọ́ọ̀mù tirẹ̀ o, torí ẹ̀jẹ̀ kan náà là ń sọ.

Abẹ tí ẹ ti lò tán

Réésà onírin ló ní wàhálà yìí jù, torí pé abẹ rẹ̀ ń jáde ní ìhòòhò. Ẹ má jù ú sínú àpò ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀, ọmọ ilé àti àwọn tó ń kó ilẹ̀ ló máa fi ọwọ́ gbà á. Ẹ wá agolo mílíìkì tí wọ́n ti lò, kí ẹ fi ọ̀bẹ dá ojú tóóró kan sí ìdérí rẹ̀, kí abẹ lè wọlé ṣùgbọ́n kí ó má lè jáde. Ẹ gbé e sókè níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ní tó o. Agolo kan ń gba abẹ ọdún púpọ̀. Bó bá kún, ẹ lu ojú rẹ̀ pa, ẹ fi téèpù dì í, kí ẹ kọ “abẹ” gàdàgbà sára rẹ̀ kí ẹ tó gbé e jáde.